Gọ́ọ̀mù wo ló yẹ ká rà fún orí ọ̀pá họ́kì tó ti fọ́ létí?

Ọ̀pá họ́kì kì í dédé ṣẹ́ sí méjì. Etí orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ. Bọ́ọ̀lù họ́kì le koko, ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 156 sí 163, ojoojúmọ́ ló sì ń bà á. Nígbà tí èèyàn méjì bá tún ń du bọ́ọ̀lù, etí ọ̀pá sí etí ọ̀pá ni wọ́n fi ń pàdé. Pápá ilé ẹ̀kọ́ wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó tún ń fi tirẹ̀ kún un. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ koríko, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá sì fi ọ̀pá wọ́lẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù ni ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ ń họ.

Àwọn ọmọ tó ń gbá họ́kì àti àwọn òbí wọn máa ń bi mí pé gọ́ọ̀mù wo ni kí àwọn rà. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n má tíì ná kọ́bọ̀ títí wọ́n á fi mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá náà, àti ibi tí ìfọ́ yẹn jìn dé. Èyí tó ń yára gbẹ jù ni ọlọ́jà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ rẹ̀ síni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe òun ni ọ̀pá nílò.

Ẹ yẹ ọ̀pá wò kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ gbé e sí ojú oòrùn, kí ẹ wo inú ibi tó fọ́. Bó bá jẹ́ igi, ẹ ó rí ojú igi gan-an, tó tò gbọọrọ. Bó bá jẹ́ fáíbà, fọ́nrán funfun wẹ́wẹ́ bí òwú ni ẹ ó rí. Ti kábọ́ọ̀nù dúdú. Ọ̀pá àtijọ́ tó wà nínú yàrá eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń jẹ́ igi, fáíbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń rà lóde òní.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣíbí kan orí ọ̀pá náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láti ibi tó dára lọ sí ibi tó fọ́. Ibi tó dára á máa dún kó-kó-kó, ketekete. Bí ohùn náà bá rẹlẹ̀ lójijì, tó wá ń dún pọ̀-pọ̀-pọ̀, fáíbà ti ń ya ara wọn nínú lọ́hùn-ún nìyẹn, bí ojú ìta ò tilẹ̀ tíì hàn. Ẹ fi báírò sàmì sí ibi tí ohùn ti yí padà, torí ibẹ̀ ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ dé, kì í ṣe ibi tí ojú rí nìkan.

Bí ó bá ti sán kọjá orí, tó gun ọrùn ọ̀pá lọ síbi tí ọwọ́ ń dì mú, ẹ má ra gọ́ọ̀mù kankan. Ẹ fi owó yẹn kún owó ọ̀pá tuntun. Ọ̀pá tó bá ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè ta sójú ẹlòmíràn.

Súpà gúlù ńkọ́?

Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba, tí ẹ ní gọ́ọ̀mù ni ẹ ń wá, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ kó jáde. "Àbúrò, mú èyí. Kó o tó ka ení, èjì, ó ti lẹ̀." Òótọ́ ni ọlọ́jà sọ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ti ara ohun tí a fi sí ló ń mú un le, ìdí nìyẹn tó fi ń yá. Àmọ́ bó bá ti le, kò ní ìyíra mọ́. Ó lágbára bí a bá fà á, ṣùgbọ́n bí a bá gbá a, ó ń já. Gbígbá náà sì ni iṣẹ́ ọ̀pá họ́kì. Kò tún lè dí ihò. Àfi kí ojú méjèèjì fara kan ara wọn pinpin kó tó mú.

Ibi tó ti wúlò kò pọ̀. Bí igi bá sán tín-ín-rín bí irun, èyí tó ṣàn bí omi á wọ inú rẹ̀ lọ, á sì dì í mú. Ó tún dára fún mímú fọ́nrán fáíbà kan tó dìde wálẹ̀ kí a tó fi nǹkan tó lágbára bò ó. Ẹ má fi òwú tàbí aṣọ tí wọ́n fi òwú hun nù ún o: súpà gúlù àti òwú máa ń gbóná púpọ̀ bí wọ́n bá pàdé, ó sì lè jó èèyàn lọ́wọ́.

Epoxy ni èmi máa ń yàn

Èyí ni gọ́ọ̀mù tó ń wá ní túúbù méjì nínú páálí kan. Owó rẹ̀ ju ti súpà gúlù lọ, ṣùgbọ́n páálí kan ń tún ju ọ̀pá kan ṣe. Ó ń dí ihò, ó ń lẹ̀ mọ́ igi, ó ń lẹ̀ mọ́ fáíbà àti kábọ́ọ̀nù, bó bá sì le tán, ó ṣì ń gba gbígbá bọ́ọ̀lù mọ́ra.

Ẹ ó bá oríṣi méjì lórí káńtà. Ọ̀kan ń le láàárín bí ìṣẹ́jú 5, ìkejì ń fẹ́ tó wákàtí 24. Gbogbo èèyàn ló ń mú èyí tó yá. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, àyàfi bí ìdíje bá wà ní ọ̀la. Èyí tó ń pẹ́ ń fún wa láyè láti pò ó dáadáa, láti tẹ̀ ẹ́ wọ inú fọ́nrán kó rin wọ́n ṣinṣin, àti láti tún ojú rẹ̀ ṣe kó tó di. Èyí tó yá ti ń di lọ́wọ́ kó tó wọlé, ojú ìta nìkan ló ń mú. Bó bá le tán pàápàá, ó sábà máa ń rọ̀ ju ìkejì lọ, omi sì ń tètè bà á jẹ́. Nínú òjò Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ omi yẹn kì í ṣe kékeré.

Ohun tó ń ba epoxy jẹ́ jù ni ìpopọ̀. Kì í gbẹ bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ. Ohun méjì inú túúbù ló ń so pọ̀ di ọ̀kan, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí ló sì ń mú un pé. Ẹni tó bá fi kún ohun tó ń mú un le, pé kó lè yá, á kàn bà á jẹ́ ni: á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ títí láé. Ẹ tẹ ìlà méjì tó gùn dọ́gba sórí páálí pẹlẹbẹ, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ pò ó fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán, kí ẹ máa ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ àárín. Bí ihò bá jìn, ẹ po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ ọn fún ọ̀pá igi, tàbí fọ́nrán fáíbà tí ẹ gé wẹ́wẹ́ fún ọ̀pá fáíbà.

Body filler àti gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà

Ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà máa sọ pé kí ẹ mú ọ̀pá wá, òun á fi body filler dí i. Ojú rẹ̀ á dán, á sì rọrùn láti fi sáńpépà họ. Ara ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bọ́ọ̀lù kan tó bá bà á dáadáa, á já bọ́ ní odindi. Ẹ má rà á.

Ti gọ́ọ̀mù funfun, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Top Bond, yàtọ̀. Bí ọ̀pá bá jẹ́ igi, tí ó là tẹ̀lé ojú igi, tí kò sí ibi tó ti sọ nù, ó dára púpọ̀, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹ fi sínú rẹ̀, kí ẹ fi kílám̀pù tàbí okùn rọ́bà dì í le títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi fáníìṣì bò ó torí pé omi ń mú un rọ̀. Kò wúlò rárá lórí fáíbà.

Nígbà tí epoxy nìkan kò tó

Bí ibi tó fọ́ bá tó èékánná àtàńpàkò, tàbí tí ṣíbí ti sọ pé fáíbà ti ya nínú, ẹ nílò aṣọ fáíbà tí a ó fi epoxy rin. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ fáíbà, tí wọ́n ń tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe, ni ẹ ó ti rí i. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n ní: èyí tí wọ́n hun bí aṣọ, àti èyí tí fọ́nrán rẹ̀ kàn wà rúdurùdu bí ẹní. Èyí tí wọ́n hun ni kí ẹ gbà. Ohun tó di ìkejì pọ̀ kì í sábà yọ́ nínú epoxy, kì í rin dáadáa. Wọ́n á tún fẹ́ fún yín ní resin, oje tó ń le, tí àwọn fi ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìgò kékeré tó ń mú un le. Polyester nìyẹn. Kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi epoxy ṣe, omi inú ìgò kékeré náà sì lè fọ́ ojú bó bá ta sí i. Aṣọ nìkan ni kí ẹ rà.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 (nọ́ńbà náà wà lẹ́yìn rẹ̀) họ ibẹ̀ kọjá àmì báírò, kí ẹ fi spirit tí wọ́n ń tà nílé oògùn nù ún. Ẹ bo imú, kí ẹ tẹ sáńpépà bomi, torí eruku fáíbà ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pá igi tí òjò ti pa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ nínú ilé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kì í ṣe lórí páànù.

Ẹ má dì í nípọn jù o. Òfin họ́kì àgbáyé fàyè gba téèpù àti resin lára ọ̀pá, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a dì mọ́ ọn, gbọ́dọ̀ gba inú òrùka tí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 51 kọjá, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 737 lọ. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀ níbi gbogbo. Aṣọ ipele 2 tó fún ọ̀pọ̀ ọ̀pá. Bó bá ti le tán, sáńpépà 240 á mú un dán, téèpù lè wá tẹ̀lé e kí òkúta pápá má tètè dé ibẹ̀. Téèpù nìkan, láìsí gọ́ọ̀mù lábẹ́, ń bo ìfọ́ mọ́lẹ̀ ni.

Epoxy tó bá ṣẹ́ kù, ẹ nu ẹnu túúbù méjèèjì, kí ẹ dé wọn padà láìpààrọ̀ ìdérí. Ìdérí tó bá ti kan túúbù kejì á le mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì ní ṣeé ṣí mọ́.