Àwọn tó ń tọ́jú omi orí òrùlé wa ní Bronx: ìràwọ̀ mẹ́rin

Ọdún kejì rèé tí àwọn wọ̀nyí ti ń tọ́jú cooling tower ilé ọ́fíìsì tí mò ń bójú tó, ẹ̀rọ tó ń fi omi gbé ooru ilé jáde lókè òrùlé. Àwọn tó ṣáájú wọn, wọ́n á dé, wọ́n á fọwọ́ síwèé, wọ́n á bá tiwọn lọ. N kò rí wọn kí wọ́n gun àkàbà rí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán wá ní kí n pa fáànù. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó fún mi ní ìbọ̀wọ́, ó ní kí n fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń yọ̀ bí ewédú! Inú yíyọ̀ yẹn ni kòkòrò Legionella ń sá pamọ́ sí tí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sómi kì í fi í tètè bá a. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́ràn, láti 20 sí 45 lórí Celsius, bí omi tiwa ṣe ń rí lóṣù keje gan-an. Fáànù á gbé e jáde bí ìrì, ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀ á fà á símú, òtútù àyà burúkú dé.

Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi da omi nù, tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo ara rẹ̀, tí wọ́n sì pààrọ̀ àwọn ike tí kì í jẹ́ kí omi wínníwínní fò jáde. Mẹ́ta ti fọ́ nínú wọn.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á ti ike pẹlẹbẹ kan bọ omi, wọ́n á gbé e sínú àpótí tó móoru fún ọjọ́ méjì. Bí àmì pupa bá pọ̀ lójú rẹ̀, oògùn kò ràn nìyẹn. Èyí kì í ṣe àyẹ̀wò Legionella fúnra rẹ̀ o. Ìyẹn ń lọ sí ilé àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n ṣe fi sùúrù ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí ló mú kí n gbẹ́kẹ̀ lé wọn.

Bronx níbí ni mo wà lọ́dún 2015, nígbà tí irú omi bẹ́ẹ̀ lórí òtẹ́ẹ̀lì kan kó àìsàn yìí bá èèyàn tó lé ní 130 ní South Bronx. Èèyàn 16 ló kú. Ọdún náà ni New York ṣòfin pé kí wọ́n forúkọ gbogbo cooling tower sílẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé àwọn àgbàlagbà ló dojú kọ tiwa. Bàbá kan máa ń gbé àga síta ní ìrọ̀lẹ́, a sì máa juwọ́ sí mi. Òun ni mo máa ń rò bí fáànù bá ti ń yí.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: wọn kì í gbé fóònù lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń da oògùn sómi dákẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹfà, ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó dé. Mo pa gbogbo rẹ̀, inú ooru làwọn ayálégbé wà. Owó wọn ga, mo fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tí ẹnì kan á gbé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá fi ìràwọ̀ karùn-ún kún un.