Debian 12 lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi: ohun tí ojú mi rí

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni, RAM 4 GB, kò sì ní ojú sídíì. Windows tó bá a wá ti sú mi, ni mo bá gbé Debian 12 lé e lórí, ètò Linux ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ẹ̀dà tó jáde lóṣù kẹfà ọdún 2023. Wi-Fi tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí gbà wẹ́rẹ́, torí láti orí ẹ̀dà yìí ni Debian ti ń kó firmware (sọ́fúwíà kékeré tí irú Wi-Fi bẹ́ẹ̀ nílò láti ṣiṣẹ́) mọ́ fáìlì tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo fẹ́ fi sọ́fúwíà sí i ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀.

Bàbá mi fi táípúráítà tẹ ìtàn ìdílé wa sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Mo ti ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé ẹ̀, mo wá fẹ́ kí Tesseract, sọ́fúwíà tó ń ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò, bá mi kà á sínú kọ̀ǹpútà. Mo lọ gba kóòdù ẹ̀, mo ní màá compile ẹ̀ fúnra mi, ìyẹn ni kí n sọ kóòdù di sọ́fúwíà tó ń ṣiṣẹ́. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Mo tẹ sudo, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ ọ̀gá ẹ̀rọ, ó ní orúkọ mi ò sí nínú àwọn tó láṣẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Tẹ́ ẹ bá fún Debian ní pásíwọ̀ọ̀dù root (ọ̀gá ẹ̀rọ) nígbà tí ẹ ń gbé e sílẹ̀, kò ní fún yín ní sudo. Tẹ́ ẹ bá fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, á fún yín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, èmi ni mi ò kà á. Mo fi `su -` wọlé, mo tẹ `adduser`, orúkọ mi àti `sudo`, mo jáde, mo padà wọlé, ó yanjú.

Apt, tó ń bá Debian gba sọ́fúwíà wá, tún ní kí n fi sídíì sí i. Sídíì wo? Fáìlì DVD ni mo lò látorí fíláàṣì, mi ò sì yan ibi tí á ti máa gba nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí owó dátà. Mo fi # síwájú ìlà `deb cdrom` nínú `/etc/apt/sources.list`, mo kọ ìlà deb.debian.org sábẹ́ ẹ̀.

Ó wá kan compile gan-an. Debian tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí ẹ̀rọ kì í sábà ní gcc, tó ń ṣe compile, nínú. `build-essential` lẹ máa kọ́kọ́ gbà, mo sì fi automake àti libtool kún un. `./configure`, tó ń yẹ ẹ̀rọ wò kí compile tó bẹ̀rẹ̀, dúró, ó ní òun fẹ́ Leptonica, kóòdù tí Tesseract fi ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán, ó tún dárúkọ ohun tí mo máa gbà: `libleptonica-dev`. Mo fẹ́ràn irú àṣìṣe báyìí, tó ń sọ oògùn ara ẹ̀. Àwọn mìíràn á kàn ní àwọn ò rí fáìlì kan tó parí sí .h. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, package (àpò sọ́fúwíà) tí orúkọ ẹ̀ parí sí -dev ni kò sí lórí ẹ̀rọ yín, `apt-file search` á sì sọ èyí tó jẹ́.

Mo tẹ `make -j`, àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ compile, láìfi nọ́ńbà sí i. Ẹ má dán an wò! Iṣẹ́ tó bá rí ló máa dáwọ́ lé lẹ́ẹ̀kan náà. RAM kún, máàsì ò mira mọ́, mo pa ẹ̀rọ ní túláàsì. `make -j2` ló parí ẹ̀. Mo `make install` tán, Tesseract ní òun ò rí `libtesseract.so.5`, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú `/usr/local/lib`. `sudo ldconfig` ló fi hàn án.

Ọjọ́ kẹta nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọjú, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti wò ó nínú apt?"

Mi ò wò ó. `apt install tesseract-ocr tesseract-ocr-yor`: ẹ̀dà 5.3.0, pẹ̀lú èdè Yorùbá, kí n tó mu tíì tán. Ẹ̀rín pa ọmọ náà. Mo ṣì ní láti padà lọ ṣe `sudo make uninstall`, torí `/usr/local/bin` ni ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ wò, tèmi ni ì bá sì máa dáhùn.

Mo fún Debian ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Kì í gba ọ̀lẹ láàyè. Mo ti dé ojú ìwé 41. Báírò ni bàbá mi fi fi àmì ohùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, Tesseract sì ń pe òmíràn ní ìdọ̀tí. Tó bá dé irú ibẹ̀, màá gbé e lọ bá ìyá mi, wọn á kà á sókè, èmi á máa tẹ̀ ẹ́.