“Iyọ̀ díẹ̀” ìyá àgbà, gíráàmù mélòó ni? Àyẹ̀wò òṣùwọ̀n oníbátìrì

Oúnjẹ ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni kò rí sè bíi tiwọn mọ́, èròjà kọ́ ló sábà máa ń sọnù níbẹ̀, ìwọ̀n ni. Ẹ bi wọ́n léèrè: “iyọ̀ díẹ̀, òróró tó bá ṣáà ti tó.” Òṣùwọ̀n pẹrẹsẹ oníbátìrì, èyí tó ń gbé kílò 5, tó sì ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, ló lè sọ “díẹ̀” yẹn di iye.

Àmọ́ ẹ má wọn ẹ̀kúnwọ́ wọn o. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń wọn ọwọ́ òun kì í bu iye tó máa ń bù mọ́. Agolo ni kí ẹ wọ̀n. Kí wọ́n tó dáná, ẹ gbé agolo iyọ̀, ìgò òróró àti ike ìyẹ̀fun lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ tún wọn gbogbo rẹ̀. Agolo iyọ̀ tó jẹ́ gíráàmù 412 tẹ́lẹ̀, tó wá ku 398, gíráàmù 14 ló wọnú ọbẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn tí wọ́n tọ́ ọ wò. Gíráàmù náà ni kí ẹ kọ, ẹ má sọ ọ́ di mìlílítà: mìlílítà 100 omi jẹ́ gíráàmù 100, ti òróró kò ju bíi 92 lọ.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni nǹkan bíńtín. Ata gbígbẹ tí wọ́n fi ìka méjì bù, òdo ló máa kà á sí. Bí ẹ bá sì rọra ń wọ́n ọn sí i díẹ̀díẹ̀, òmíràn kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan bọ́ sórí òun. Òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù 0.1 ló wà fún ìyẹn.

Ohun tó ń bíni nínú jù ni pé òṣùwọ̀n oníkílò 5 yìí máa ń kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì gbàgbé abọ́ tí ẹ ti yọ kúrò nínú ìṣirò. Ẹ kọ ìwúwo abọ́ òfìfo síbì kan kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì òdo tó ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Fáànù tó ń fẹ́ sí i máa ń mú kí iye rẹ̀ máa yí. Ìkòkò gbígbóná ń bà á jẹ́.

Kò lè wọn iná, àmọ́ ọgbọ́n kan wà. Ẹ wọn ìkòkò tòun tọbẹ̀ kó tó dórí iná, ẹ tún un wọ̀n tó bá ti tutù: ohun tó dín ni omi tó gbẹ, ìyẹn sì sàn ju wákàtí tí ẹ kà lọ. Bí ìkòkò yín bá tóbi, kílò 5 kò ní gbé e; oníkílò 10 ni kí ẹ rà.