Àwòrán abà tí mo rà: aṣọ wọn ti mọ́ jù

Pọ́n-ùn 38 ni mo san fún àtúntẹ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. George Morland, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, ló kùn ún, William Ward ló fín in sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Morland fẹ́ arábìnrin Ward, Ward náà fẹ́ arábìnrin Morland, iṣẹ́ wọn wá dọ̀rọ̀ ẹbí.

Gíláàsì férémù ti sán kó tó dé ọwọ́ mi. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sì sí àríyànjiyàn kankan.

Ibi tó dùn mí ni dúdú rẹ̀. Mezzotint ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí. Irin eléyín ni wọ́n fi ń ha gbogbo ojú bàbà títí yóò fi rí gbágungbàgun; bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ báyẹn, dúdú kirikiri ni yóò jáde. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà ni wọ́n á wá fá, tí wọ́n á sì dán. Òjìji inú ojúlówó máa ń rí bí aṣọ àrán. Tèmi rí bí eérú, bí ẹ bá sì sún mọ́ ọn, tóótòòtó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ máa rí.

Àwòrán fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìyá kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà abà, ọmọ rẹ̀ sanra, ẹlẹ́dẹ̀ ń sùn. Ó tù mí lára. Àmọ́ oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ mi, aṣọ oko kì í mọ́ tó báyìí! Ní ayé Morland gan-an, òfin lórí òfin ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe láti fi ọgbà yí ilẹ̀ gbogbogbò ká, níbi tí tálákà ti ń da màlúù rẹ̀ kan ṣoṣo jẹko, tó ti ń ṣẹ́gi. Ẹ ò ní rí ọgbà kankan nínú àwòrán yìí. Gbèsè ò jẹ́ kí ayàwòrán náà sinmi. Inú ilé tí wọ́n ń ti ajigbèsè mọ́ ló kú sí ní 1804, ọmọ ọdún 41. Ará ìlú ńlá ló ń ra oko rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀, èmi náà sì rèé, ní fúláàtì àjà kẹfà.

Ọkùnrin yìí kan náà ló ya Slave Trade, tí John Raphael Smith tẹ̀ ní 1791: àwọn òyìnbó ń já ìdílé aláwọ̀ dúdú kan sí méjì ní etíkun Áfíríkà. Mo béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní in. Ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ o.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ Slave Trade, màá rà á láìsí férémù.