Ìpàdé Tí Wọ́n Pè Lẹ́yìn Ìpinnu

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ẹ̀gbẹ́ Abuja pe àwa ará àdúgbò sí ìpàdé, kí a lè sọ bóyá kí wọ́n ti ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì wọn pa tàbí kí wọ́n má tì í. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ẹ̀ka náà. Lóru ọjọ́ tí ikọ́ fée ká ìyàwó mi mọ́, nọ́ọ̀sì ti fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú kí n tó rí ibi gbé ọkọ̀ sí, kò sì dárúkọ owó títí mímí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Bí Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ṣe ní kó rí nìyẹn, nítorí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á.

Níbi ìpàdé, wọ́n wá ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè Hausa àti Gbagyi, èyí tó dùn mọ́ mi nínú nítorí àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀. (Àwa Yorùbá ibẹ̀ gbọ́ Hausa tó láti tẹ̀ lé e.) Àmọ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n fi í sí, nígbà tí oníṣòwò wà lọ́jà tí òṣìṣẹ́ sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni ìwé tí mo bá lára géètì: ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í darí àwọn aláìsàn pàjáwìrì sí Gwagwalada ti wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò sì tíì gbẹ. Nígbà tí ìyá àgbà kan béèrè iye ọkọ̀ tí yóò máa gbé aláìsàn lóru, alága ní àwọn yóò wò ó. Akọ̀wé tó jókòó tì í kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Wọ́n ní owó ni kò tó. Bẹ́ẹ̀, òfin 2014 yẹn kan náà ya ìdá 5 nínú 100 sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì nínú owó àkànṣe ìlera ìpìlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mẹ́nu bà á. Bí wọ́n bá fi ìṣirò hàn wá, a lè gbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti inú ẹjọ́ Gunning ti ọdún 1985 ni àwọn adájọ́ ti ń béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun fikùn lukùn pẹ̀lú ará ìlú: kí ìpinnu ṣì rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sọ ìdí tó tó, kí ó fún wọn láyè láti fèsì, kí ó sì gbé èsì wọn yẹ̀ wò tọkàntọkàn. N kò rí ọ̀kan tó pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi ìpàdé tiwa.

Mo fẹ́ kí wọ́n tún un pè ní ọ̀sán Sátidé, kí wọ́n gbé ìṣirò owó náà wá, kí wọ́n sì ya ìwé ara géètì kúrò kí a tó dé.