Akúrẹ́ tàbí Bìní: Níbo Ni Kí Ẹ Ti Wọ Bàálù?

Ará ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá ń lọ sí Èkó tàbí Àbújá ní pápákọ̀ òfurufú méjì tó lè yàn: ti Akúrẹ́, tí ẹ óò rí AKR lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àti ti Bìní, BNI. Iye tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wò. Ibẹ̀ la ti ń ṣì í.

Lójú òfurufú, Akúrẹ́ sí Ìkẹjà tó kìlómítà 230. Bìní sí Ìkẹjà, bíi 250. Tó bá jẹ́ Àbújá, Akúrẹ́ bíi 290, Bìní bíi 350. Akúrẹ́ ló sún mọ́ ibi méjèèjì jù, àmọ́ ẹ má tíì máa yọ̀. Bàálù alábẹ̀bẹ̀ bíi ATR 72 ń sá tó kìlómítà 500 láàárín wákàtí kan. Kí ni 20 kìlómítà fẹ́ ṣe fún un? Ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta. Kódà 60 tó lé lọ́nà Àbújá kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Akúrẹ́ sí Èkó, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lẹ óò lò lókè. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ wákàtí kan, irọ́ kọ́: wọ́n ti ka ìgbà tí bàálù ń rọra wọ́ nílẹ̀ mọ́ ọn.

Orí ilẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Láti Alágbàká nílùú Akúrẹ́, ẹ dorí kọ ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, ẹ ti dé pápákọ̀ Akúrẹ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní Bìní lẹ fẹ́ lọ, ẹ óò gba Ọ̀wọ̀, ó sì ju kìlómítà 150 lọ. Pápákọ̀ Bìní wà láàárín ìlú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó wọ ìlú náà ńkọ́? Owó mọ́tò yóò ti jẹ ẹ̀dínwó tíkẹ́ẹ̀tì tán, ìdajì ọjọ́ á sì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ará Orè yàtọ̀. Ọ̀nà Bìní tààrà ló wà níwájú rẹ̀, ti Akúrẹ́ sì gba inú Oǹdó kọjá. Jíjìn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ. Tó bá jẹ́ Àbújá ló ń lọ, Bìní ni màá ní kó yàn. Tó bá jẹ́ Èkó, kó jókòó sínú mọ́tò jẹ́ẹ́: bíi kìlómítà 200 péré ni, kò sídìí tí èèyàn á fi kọ́kọ́ sá sẹ́yìn torí àtifò síwájú.

Ohun tí Bìní fi ju Akúrẹ́ lọ ni pé bàálù tó ń gbéra níbẹ̀ pọ̀ jù. Mo ti jẹ ìyà èyí rí. Ọyẹ́ mú lọ́dún kan, kùrukùru bolẹ̀, a jókòó ní Akúrẹ́ láti àárọ̀ títí wọ́n fi ní bàálù wa kò wá mọ́. Kò sí òmíràn lọ́jọ́ náà. Ìyá kan tó gbé ìgbín dání fún ọmọ rẹ̀ l'Ábùújá ní káwọn ìgbín náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ, wọn ì bá ti dé Lọ́kọ́ja. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí wa.

Síbẹ̀, Akúrẹ́ lèmi ń ti wọ̀ ọ́. Bí mo bá ní ìpàdé l'Ábùújá láago mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ń lọ, pàápàá láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì.