AirTag nínú àpótí mi, láti London dé Ìbàdàn

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí mo wọ̀ ń fi dá mi lójú pé àpótí mi ti bá mi dé, pé kí n ṣáà ṣe sùúrù, yóò jáde. Mo ṣí fóònù mi, mo sì fi hàn án: Heathrow ní London ni àpótí náà wà, kò sì ju ìṣẹ́jú 9 lọ tí a gbúròó rẹ̀ níbẹ̀. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó sì fa fọ́ọ̀mù ẹrù tó sọnù jáde láìsọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nítorí ìṣẹ́jú kan yẹn nìkan, n kò kábàámọ̀ owó tí mo fi ra AirTag, ẹ̀rọ kékeré ti ilé-iṣẹ́ Apple tí mo fi sínú àpótí náà kí n lè máa fi iPhone mi wo ibi tí ó wà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí yóò rà á mọ ohun tí ó ń rà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ yìí mọ ibi tí ó wà. Kò mọ̀ ọ́n rárá. Irú tí ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2021 ni tèmi. Ó rí rìbìtì, gíráàmù 11 péré ni ó wúwo mọ, bátìrì CR2032 kan ṣoṣo tí ó ń lò sì máa ń tó ọdún kan. Kò ní ohun tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, kò sì ní síìmù. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa ké orúkọ ara rẹ̀ jáde lórí Bluetooth, orúkọ tí ó ń yí padà lóòrèkóòrè kí ará òde má baà fi dá a mọ̀. iPhone ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá nítòsí, tí ó sì gbọ́ igbe náà, ni yóò wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà, yóò ti ìròyìn náà pa bí ẹni ti àpótí, yóò sì fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn àyàfi ẹni tí ó ni ẹrù, Apple pàápàá kò lè kà á. Nítorí náà, àmì tí mo ń rí lórí máàpù kì í ṣe ibi tí àpótí mi wà gan-an, bí kò ṣe ibi tí àlejò kan dúró sí nígbà tí ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí àlejò yẹn bá wà nínú ilé, tí fóònù tirẹ̀ sì ń fi Wi-Fi àyíká fojú bu ibi tí ó wà, a jẹ́ pé àfojúbù ti gorí àfojúbù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ẹrù bá wà nítòsí. Láti orí iPhone 11, púpọ̀ nínú fóònù náà lè wọn bí ó ṣe jìnnà sí AirTag, wọn a sì kọ iye mítà sójú, pẹ̀lú ọfà tí ń tọ́ka ọ̀nà. Mo ti wo nọ́ńbà náà bí ó ṣe ń já wálẹ̀ láti 6 dé 2, títí mo fi ká kọ́kọ́rọ́ mi mọ́ abẹ́ aṣọ òkè tí màmá mi ká jọ sórí àga. Wíwọ̀n nìyẹn.

Àìfiyèsí ìyàtọ̀ yìí ni ó kó ìtìjú bá mi. Mo ti fi ìlíǹkì ibi tí àpótí wà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà (iOS 18.2, ètò tí ń darí iPhone, ni ó mú èyí wá ní ìparí ọdún 2024, ọjọ́ 7 ni ìlíǹkì náà sì ń lò kí ó tó kú), àpótí sì dé Ìkẹjà ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n gbé e fún awakọ̀ kan pé kí ó gbé e wá sí Ìbàdàn. Láti aago 9 àárọ̀ títí di aago 1 ọ̀sán, àmì náà kò yẹsẹ̀ ní Ìkẹjà. Inú bí mi, mo pe awakọ̀ náà, mo sì ń bá a wí pé kí ló dé tí kò tíì gbéra. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú síta." Ẹnu géètì wa ní Challenge ni ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀! Android ni fóònù ọwọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, a kò sì gbúròó ẹrù mi ní gbogbo ojú ọ̀nà márosẹ̀. "Wákàtí 4 sẹ́yìn" wà lábẹ́ àmì náà ketekete. Èmi ni n kò kà á. Láti ọjọ́ náà, àkókò ni mo kọ́kọ́ ń kà kí n tó wo máàpù.

Ẹni tí ó bá ń lo Android kò lè fi AirTag wá ẹrù rẹ̀. Ìsokọ́ra àwọn fóònù Android tí ń bá ni wá ẹrù, èyí tí Google bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ni tirẹ̀, àmọ́ bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ibi tí èrò pọ̀ sí ni ó ti ń jábọ̀ jù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rà á nítorí olè. iPhone àti Android ni wọ́n ń ta ẹni tí AirTag àjèjì bá ń tẹ̀ lé lólobó, kí a má baà fi ṣọ́ ọmọlákejì kiri, olè náà yóò sì rí ìkìlọ̀ yìí. Ní ti bátìrì, ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi ohun kíkorò kùn kí ọmọdé má baà gbé e mì. Ó lè má bá a ṣiṣẹ́.

Mo ti ra òmíràn fún àpótí ìyàwó mi. Nígbà tí bàbá mi ní kí n ra ọ̀kan sí ọ̀kadà tí wọ́n ń gùn lọ sóko, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ra ṣéènì àti àgádágodo.